Tẹ́sítà nìkan kò tó fún ẹni tó ń tún iná ilé ṣe

Bí iná bá ti ń ṣe ségesège nínú ilé, Nẹ́pà ni wọ́n kọ́kọ́ ń bú. Orúkọ yẹn kò kúrò lẹ́nu ará ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2013 ni ìjọba ti gbé iná pípín lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Lóòótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn náà kò kéré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wàhálà yìí, inú ilé gan-an ló wà, àwọn tí wọ́n ń pè wá tún un ṣe ni kì í yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ẹ wo oníṣẹ́ iná tó dé pẹ̀lú tẹ́sítà kan ṣoṣo lápò. Ó tì í bọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, tẹ́sítà tàn, ó ní iná wà, fíríìjì ló bàjẹ́. Bí onílé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó kiri nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí tẹ́sítà mọ̀ kò ju pé iná wà lára wáyà kan lọ. Wáyà méjì ni iná ń gbà: ọ̀kan ń gbé e wá, èkejì, tí wọ́n ń pè ní niútírà, ń dá a padà. Bí niútírà bá já, tẹ́sítà á ṣì máa tàn, nígbà mìíràn nínú ihò méjèèjì pàápàá, ṣùgbọ́n gílóòbù kò ní tàn.

Mọ́tímítà ló ń tú àṣírí irú èyí. Kì í ṣe mítà tó ń ka owó iná o. Ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́mú ni, tó ní wáyà pupa àti dúdú. Bí wọ́n bá fi wọn fólítì sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kó kọ nǹkan bíi 230. Èyí tó léwu jù ni ilé tó ń lo féèsì mẹ́ta, tí niútírà rẹ̀ já: yàrá kan lè máa gba 120, kí èkejì máa gba 300. Tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì á jóná lọ́jọ́ kan náà, àwọn ayálégbé á sì ní ayé ló ń ṣe àwọn.

Èyí kò ní kí bàbá àgbà lọ ra mọ́tímítà kó máa fi tọ iná. Ẹni tó bá yí i sí ibi tí wọ́n ti ń wọn áńpíà, tó wá tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lè bú gbàù mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni. Ti onílé ni kó béèrè pé, "Mọ́tímítà rẹ dà?" kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá mú un wá, kó padà lọ mú un. Kí onílé sì fi ojú ara rẹ̀ rí iye tó kọ, ṣáájú àtúnṣe àti lẹ́yìn rẹ̀, kó tó sanwó.