Ta Ló Sọ Ọ́? Ìgbà Wo Ló Sọ Ọ́?

Ìmọ̀ràn ìlera ò wọ́n lórí fóònù mọ́. Ọmọ tó wà l'Ékòó á fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ nílé, ìyá náà á fi ránṣẹ́ sáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Kí ẹ tó lò ó, ìbéèrè méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Àkọ́kọ́, ta ló sọ ọ́? Lóṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ti wọ Èkó, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba ìlú kan pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún, kí àrùn náà má baà mú un. Irọ́ gbáà ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde lóṣù náà pé, ó kéré tán, èèyàn méjì ló ti kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún gbogbo èèyàn, pàápàá ẹni tó lẹ́jẹ̀ ríru.

Ìkejì, ìgbà wo ló sọ ọ́? Ẹ rántí chloroquine, oògùn kíkorò tó máa ń jẹ́ kí ara yún ni. Òun là ń lò sí ibà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó mọ́ kòkòrò ibà lára, kò pa á dáadáa mọ́. Lọ́dún 2005, ìjọba Nàìjíríà fi àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní ACT rọ́pò ẹ̀. Dókítà tó ní ká lo chloroquine lọ́dún 1990 ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fún ọmọ ẹ̀ lónìí nítorí ìmọ̀ràn àtijọ́ yẹn ń fi ẹ̀mí ọmọ wewu.

Ẹ kíyè sí i: déètì tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ni, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́.

Ẹ ní kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ yín wá orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọdún tó kọ ọ́. Bí kò bá rí i, tàbí tó jẹ́ pé oògùn lẹni náà fẹ́ tà, ẹ gbé fóònù náà lọ fi han nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Ẹ má ṣe torí àtẹ̀jíṣẹ́ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà tí dókítà kọ fún yín tì. Ohun tí kò bá sì dá yín lójú, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́lòmíì.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.