Ọ̀yàyà Nínú Yàrá Ìrọbí

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọ̀yàyà ló sì ń bí ọ̀rọ̀ rere. Ọlọ́yàyà ni ẹni tó máa ń túra ká sí èèyàn, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ láìfòyà. Ó lè má sọ̀rọ̀ púpọ̀ o; ojú rẹ̀ ti kí ọ kó tó lanu.

Ibi tí a ti nílò ọ̀yàyà jù báyìí ni ilé ìwòsàn àwọn aboyún. Ìrọbí àkọ́bí ń mú ọ̀dọ́bìnrin kan, ẹ̀rù ń bà á, ó di irin ibùsùn mú, ó ń ké. Nọ́ọ̀sì wá jágbe mọ́ ọn pé, "Nígbà tó ń dùn mọ́ ẹ, ṣé o pè mí sí i?" Obìnrin tó ti bímọ nílẹ̀ wa tí kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, kó dúpẹ́. Ọfà gan-an nìyẹn. Ẹni tó bà kì í bá nọ́ọ̀sì jà. Bó bá tún lóyún, ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí àdúgbò ni yóò gbà lọ, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè é ní "ìyá ọmọ". Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà sí i lára níbẹ̀.

Lọ́dún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ẹ̀tọ́ gbogbo obìnrin ni kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún un nígbà oyún àti ìrọbí. Àwọn baba wa ti fi òwe sọ ọ́ tipẹ́.

Iṣẹ́ ń wọ àwọn nọ́ọ̀sì lọ́rùn, mi ò jiyàn. Àwọn tó kù nílé ló ń ṣe iṣẹ́ àwọn tó ti lọ sí Ìlú Ọba mọ́ tiwọn, owó oṣù ò sì tó nǹkan. Àmọ́ "ẹ pẹ̀lẹ́, ó kù díẹ̀" kò gùn ju èébú lọ lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ọkọ, ẹ kí nọ́ọ̀sì dáadáa kẹ́ ẹ tó máa pàṣẹ fún un. Ẹ̀yin ọ̀gá nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fòfin de ọ̀rọ̀ "ṣé o pè mí sí i" nínú yàrá ìrọbí yín láti òní lọ.