Ẹ̀yẹ Òkú àti Ọ̀rọ̀ Òtítọ́

Ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Bí olókìkí bá kú, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ a pé jọ, wọn a kọrin, wọn a sunkún. Èyí dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbo bá tú, kí ni ó ṣẹ́kù fún alààyè?

Ẹ jẹ́ kí a wo agbo orin ìrántí Freddie Mercury, olórin rọ́ọ̀kì ẹgbẹ́ Queen, tí a bí ní Zanzibar ní ọdún 1946. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, ọdún 1991, ó jẹ́wọ́ fún gbogbo ayé pé òun ní àrùn éèdì. Ní ọjọ́ kejì ó kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ọdún 1992, ènìyàn bí 72,000 pé jọ ní pápá ìṣeré Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù láti ṣe ẹ̀yẹ fún un.

Ìṣe àwọn èrò náà kò rí bákan náà. Ọ̀pọ̀ ń yin George Michael títí di òní fún orin tí ó kọ lọ́jọ́ náà. Ẹnu ya àwọn mìíràn nígbà tí David Bowie kúnlẹ̀ tí ó sì gba Àdúrà Olúwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Elizabeth Taylor, òṣèré sinimá, dìde láti kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ nípa éèdì, àwọn kan pariwo pé kí ó kúrò níbẹ̀. Kò kúrò. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dópin.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ tí wọn kò fẹ́ gbọ́ yẹn ni ẹ̀yẹ tí ó tóbi jù lọ lọ́jọ́ náà. Orin tán, èrò sì lọ sílé. Owó tí agbo náà mú wá ni a fi dá àjọ Mercury Phoenix Trust sílẹ̀, tí ó ń gbógun ti éèdì káàkiri ayé.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, sọ ọ́ ní gbangba pé éèdì ni ó pa á. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Fẹlá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní irọ́ ni. Ọkùnrin náà kò tìtorí ìtìjú ẹbí pa òtítọ́ mọ́. Láti 1998 ni a ti ń ṣe àjọ̀dún Felabration ní Èkó. Bí a ti ń jó níbẹ̀, ó yẹ kí a máa rántí ìgboyà ẹ̀gbọ́n náà pẹ̀lú.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Lónìí, oògùn wà tí ń jẹ́ kí ẹni tí ó ní kòkòrò éèdì pẹ́ láyé, bí ó bá tètè mọ̀ tí ó sì ń lò ó. Síbẹ̀ ìtìjú ṣì ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí kù sí. Àwọn ọmọ mọ orin àwọn akọrin wọ̀nyí lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ó pa wọ́n pẹ̀lú. Orílẹ̀-èdè tí ó bá ń bo ohun tí ó pa àwọn ẹni ńlá rẹ̀ mọ́lẹ̀ ń gbẹ́ ibojì sílẹ̀ de àwọn ọmọ rẹ̀ ni.