Ǹjẹ́ Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì Lè Mu Òróró?



Ẹni tó bá ní ọkọ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí láti ọdún 2022 tí owó epo náà ti fò sókè. Bí a bá wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé òróró tí ìyàwó rẹ̀ fi ń dín dòdò lè mú ọkọ̀ rìn, yóò fẹ́ dán an wò lọ́jọ́ náà gan-an. Òótọ́ ni pé ó lè mú un rìn. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó ṣí ìdérí táńkì.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní ìlú Paris ní ọdún 1900, ilé-iṣẹ́ Otto gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan kalẹ̀, irú èyí tí Rudolf Diesel ará Jámánì ṣe, òróró ẹ̀pà ni wọ́n sì fi ń tan án. Diesel fúnra rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ ní ọdún 1912: ìjọba Faransé ló bèèrè fún un, nítorí pé ẹ̀pà pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣàkóso. Ẹ kíyè sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti fojú sí oko aláwọ̀ dúdú.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bí ti bẹntiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni ó máa ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan. Nọ́sù yóò wá fọ́n epo sínú rẹ̀ bí ìrì, epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Bí epo bá ṣe fọ́n kúnná tó ni yóò ṣe jóná tó. Ibi tí òróró ti kùnà nìyí, nítorí ó ki ju dísẹ́ẹ̀lì lọ ní bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta epo pupa mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá mú, epo á dì gbagidi nínú kẹ́ẹ̀gì, àfi kí ẹ gbé e sí oòrùn. Ẹ wá ro irú rẹ̀ nínú páìpù tí kò tó ọmọ ìka.

Òróró tí kò gbóná yóò já wọlé bí ẹ̀kán omi, kò sì ní jóná tán. Èyí tó ṣẹ́kù yóò di èédú mọ́ ẹnu nọ́sù. Díẹ̀ yóò ṣàn lọ bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, yóò sì sọ ọ́ di ohun tó ń fà bí ilá. Iṣẹ́ ibi yìí kì í hàn lọ́jọ́ kìíní. Ọkọ̀ lè rìn dáadáa fún oṣù kan tàbí méjì, kí olówó rẹ̀ máa yọ̀ pé òun ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá tú ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ ni owó tó pa mọ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tòun ti èyí tí kò ní lọ́kàn láti ná.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń de táńkì méjì mọ́ ọkọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń tan án. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, omi gbígbóná inú rẹ̀ yóò gba ara táńkì kejì kọjá, yóò sì mú òróró gbóná dé nǹkan bí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí awakọ̀ tó yí i sí òróró. Kí ó tó pa ọkọ̀, yóò kọ́kọ́ padà sí dísẹ́ẹ̀lì, kí òróró má bàa sùn sínú páìpù. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bí ti Mercedes 240D ló lè fara da èyí. Àwọn tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ti bẹntiróòlù kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀nà kejì ni kí a sọ òróró di ohun tó ń ṣàn bí dísẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 1937, G. Chavanne ti Yunifásítì Brussels gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí bí a ṣe ń fi spírítì yí epo ọ̀pẹ padà, bọ́ọ̀sì kan sì fi irú epo bẹ́ẹ̀ kó èrò láàárín Brussels àti Leuven ní ọdún 1938. Methanol ni ọ̀pọ̀ ń lò lónìí, pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà tí àwọn aṣeọṣẹ mọ̀. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe dán èyí wò ní ẹ̀yìnkùlé. Methanol yìí ni májèlé inú ògógóró tó pa ènìyàn tó ju mẹ́wàá lọ ní agbègbè Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ọdún 2015. Kò ní àwọ̀, omi lásán ni ọmọdé yóò pè é. Kọ́sítíìkì ní tirẹ̀ máa ń bó ọ̀nà ọ̀fun.

Òróró wo ni à ń sọ gan-an? Lójú tèmi, èyí tó ti dín nǹkan títí tí kò yẹ fún jíjẹ mọ́, tí a sẹ́ dáadáa, tí a sì gbẹ omi inú rẹ̀. Òróró tuntun, oúnjẹ ni. Indonesia tó ń ṣe epo ọ̀pẹ jù lọ lágbàáyé máa ń da púpọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ dísẹ́ẹ̀lì. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2022, òróró wọ́n lọ́wọ́ àwọn ará ìlú débi pé ìjọba dá títà rẹ̀ sí òkè òkun dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ààbọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ àti táńkì ń du epo kan náà. Ní ọjà tiwa, lítà òróró tuntun wọ́n ju lítà dísẹ́ẹ̀lì lọ, nítorí náà kò sí èrè kankan níbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì máa ń kù sí ìsàlẹ̀ agbada oníàkàrà. Kò lè gbé ọkọ̀ dé ibi tó jìnnà.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ilé oúnjẹ tó ń dín ẹja àti ànàmọ́ pọ̀ níbẹ̀, òfin sì ti yọ̀ǹda láti ọdún 2007 pé ẹni tí òróró ọkọ̀ rẹ̀ kò bá ju lítà 2,500 lọ lọ́dún kò san owó-orí epo lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ilé oúnjẹ kan ń fi ọ̀rá ẹran dín nǹkan. Ìwé Mukhtasar ti Khalil, tí àwa tí a tẹ̀lé ìlànà Máliki ń kà, fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun tí nọ́jísì kàn àti ohun tó jẹ́ nọ́jísì fúnra rẹ̀: a lè lo ti àkọ́kọ́, yàtọ̀ sí nínú mọ́sálásí àti fún jíjẹ ènìyàn. Òróró ẹ̀fọ́ tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti kàn nínú ìkòkò wà ní ìpò àkọ́kọ́. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti òkú ẹran wà ní ìpò kejì. Kí wọ́n bi onílé oúnjẹ náà léèrè ohun tó fi ń dín nǹkan, kí wọ́n tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ.