Ẹ Kọ̀ Kung Fu fún Ọmọ, Ẹ So Oǹdè Mọ́ Ọn Ní Ìbàdí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tòní kò ní dùn mọ́ gbogbo wa. Láti ìgbà Bruce Lee, ẹni tó kú ní 1973, ni fíìmù ti gbé kung fu wọ ilé wa. Ní Festac títí dé Trade Fair, ọmọ tí kò ta ẹsẹ̀ sókè rí kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní òun fẹ́ kọ́ ọ lọ́dọ̀ olùkọ́, ọ̀pọ̀ bàbá á ní: "Haramu ni! Ẹ̀sìn àwọn ará Ṣáínà nìyẹn."

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Lóòótọ́, tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà ni Shaolin tó wà ní Henan. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí wà ní Ṣáínà, àwọn tí à ń pè ní Hui, wọ́n sì lókìkí nínú irú ìjà kan tó ń jẹ́ Chaquan. Ọ̀kan nínú wọn ni Wang Ziping, tí wọ́n bí ní Cangzhou ní 1881. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni nínú iṣẹ́ náà, Mùsùlùmí sì ni.

Ànábì wa kò kórìíra agbára. Nínú àkójọ Muslim, ó jẹ́ ká mọ̀ pé onígbàgbọ́ tó lágbára ni Ọlọ́hun fẹ́ràn ju aláìlágbára lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oore wà lára àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń sá fún Búdà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ so mọ́ ìbàdí ọmọ yín? Nítorí pé Èkó le, tí ọmọ ń ti ọjà dé lálẹ́, ẹ fún un ní oǹdè, ẹ fi ìfúnpá sí i lápá, ẹ sì ní kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ òkígbẹ́ fún un. Ìmáàmù Ahmad gbà á wá pé ènìyàn mẹ́wàá wá ṣe àdéhùn fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ó gba ti mẹ́sàn-án, ó dá ẹnì kan dúró nítorí oǹdè tó wà lára rẹ̀. Ìgbà tí oǹdè náà já ló tó gba tirẹ̀, ó sì pe ìsokọ́ oǹdè ní ẹbọ. Èwo ló wá léwu jù: òógùn ojú ni, àbí ẹbọ? A sá fún òjò, a bọ́ sódò!

Ìwọ ọ̀dọ́, má tíì rẹ́rìn-ín. Bí olùkọ́ rẹ bá ní kí o forí balẹ̀ fún àwòrán tàbí ère, jáde níbẹ̀. Mímí sínú mímí síta fún ìlera kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní agbára kan tó ń jẹ́ "chi" yóò dá ọta ìbọn dúró lára rẹ, oǹdè kan náà ló ń tà fún ọ, aṣọ Ṣáínà ló wọ̀ ọ́. Má gbá ènìyàn lójú, torí Ànábì kọ̀ ọ́. Bí Màgíríbì bá tó, dá eré dúró kí o kírun. Kí àwọn ọmọbìnrin kọ́ tiwọn lọ́tọ̀, pẹ̀lú aṣọ tó bo ara. Rántí pé nínú Bukhari àti Muslim, alágbára kì í ṣe ẹni tó ń dá ènìyàn mọ́lẹ̀, bí kò ṣe ẹni tó ń kó ara rẹ̀ níjàánu nígbà ìbínú. Ẹni tó kọ́ kung fu kó lè máa na ọmọ ẹlòmíràn, ẹ̀ṣẹ̀ ló kọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ lọ rí olùkọ́ náà, ẹ bi í léèrè ohun tó ń kọ́ ọmọ kí ẹ tó sanwó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jáde nílé, ẹ já oǹdè yẹn.

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà. Àmín.