Ẹ Má Jẹ́ Kó Di Ọjọ́ Òkú

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin ìjọ àti jámáà, ẹ̀yin tí ẹ ń ra aṣọ ẹbí lọ́dọọdún, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìjọba ní tirẹ̀ láti gbọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé lónìí.

Tọkọtaya kan wà ní òpópónà wa n'Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ wọn. Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì ni mo máa pè wọ́n, orúkọ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá pè é láàárín ọjà Bódìjà, kò ní í ṣe ẹyọ ẹnì kan ló máa wẹ̀yìn.

Ìyá Ìbejì ni aránṣọ wa. Aṣọ tí mo wọ̀ níbi òkú ìyá mi, òun ló rán an. Bí àgbàlagbà bá ti kú ládùúgbò, ilé Ìyá Ìbejì la máa ń kó ańkárá lọ, á sì jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa má bàa wọ aṣọ ọ̀tọ̀. Tábìlì tó fi ń gé aṣọ ṣì wà ní pálọ̀. Ẹ̀rọ ò sí lórí ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé tọ̀ wọ́n, ihò mẹ́rin tí wọ́n fi de ẹ̀rọ náà mọ́ tábìlì ni mo rí. Ìgò oògùn ni wọ́n tò síbi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ike omi kan àti ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé tí wọ́n fi òwú so báírò mọ́. Jẹjẹrẹ ọyàn ló mú Ìyá Ìbejì, ẹ̀rọ yẹn sì ti di owó kẹ́mò ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Bàbá Ìbejì ló ń kọ nǹkan sínú ìwé náà. Ó ṣí i fún mi. Mọ́tò àlọ. Mọ́tò àbọ̀. Káàdì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àpò ẹ̀jẹ̀ kan. Abẹ́rẹ́ tí kò ní í jẹ́ kó máa bì. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ “oúnjẹ tèmi”, ó sì fi ìlà fa gbogbo ẹ̀ nù. Mo ṣí ojú ìwé kejì, mo bá ìlà yẹn níbẹ̀. Mo ṣí ìkẹta, ó tún wà níbẹ̀.

Awakọ̀ Micra ni. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Bó gbé e jáde, bí kò gbé e jáde, ẹni tó ni ín ń retí owó rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tó bá sì sin ìyàwó ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn, torí ìdájí ni wọ́n ń jáde kí wọ́n lè wà níwájú lórí ìlà, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń wọlé. Ẹnì kan ló ń ṣàìsàn, iṣẹ́ ẹni méjì ló dúró. Ibà á dáni dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, a ó sì dìde. Kẹ́mò ní tirẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń yí po. Kí gbèsè ti ọjọ́sí tó kúrò lọ́rùn, òmíràn ti dé. Bí wọ́n bá sì débẹ̀ tí àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, wọ́n á ní kó lọ gba ẹ̀jẹ̀ kó tó padà wá. Owó mọ́tò ọjọ́ yẹn ti wọgbó.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń kí wọn láti ìta. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olúwa á fi àlàáfíà sí i.” Tọkàntọkàn ni mo fi gbàdúrà náà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gbà á lẹ́nu géètì, ẹ̀rọ tó rán aṣọ òkú ìyá mi ni wọ́n gbé kọjá lójú mi lọ tà, mi ò sì béèrè ohun tó fà á. Ó ń dùn mí títí di òní.

Kókó kékeré kan bí ẹyọ ẹ̀wà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọyàn Ìyá Ìbejì. Kò dùn ún. Ohun tó tan ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ gan-an nìyẹn, torí jẹjẹrẹ ọyàn kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ohun tí kò bá sì dunni, ta ló máa yọ owó iléèwé ọmọ náwó lé e lórí? Ó ń ránṣọ lọ. Wọ́n ṣe àgbo, wọ́n gbààwẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ dókítà àgbà, àrùn ti dé egungun ẹ̀yìn. Ẹ má bá mi dá a lẹ́bi o. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn mú ní Nàìjíríà, ìpele kẹta tàbí ìkẹrin ni wọ́n máa ń wà kí wọ́n tó débi ìtọ́jú. Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò ẹ̀ pé lọ́dún 2020 nìkan, èèyàn 124,815 ni jẹjẹrẹ lóríṣiríṣi ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí lára lórílẹ̀-èdè wa, ó sì pa 78,899. Bí ẹ bá rò pé kò sí ní òpópónà tiyín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ń fi pamọ́ fún yín ni.

Ìdí tí wọ́n fi ń fi pamọ́ kò sì jìnnà. Obìnrin kan tí wọ́n ti jọ ń jẹun láti ìgbà ọmọge wá kí Ìyá Ìbejì. Wọ́n gbé omi fún un nínú ife. Kò fọwọ́ kàn án. Ó fa omi ọlọ́ràá yọ nínú báàgì rẹ̀, ó géyín sí i, ó mu ún. Ìyá Ìbejì rí i. Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbé omi fún àlejò mọ́. Jẹjẹrẹ kì í ràn látara ẹnì kan sí ẹlòmíràn bíi ikọ́ ife. Ẹ lè mu nínú ife rẹ̀. Ẹ lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Nínú 100 náírà tó ń lọ sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó ju 70 lọ tó ń jáde tààrà látinú àpò aláìsàn àti àwọn èèyàn rẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera tí wọ́n bu ọwọ́ lù lọ́dún 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo wa. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ètò tirẹ̀, Èkó ní Ìlera Èkó. Adójútòfò yìí kò lè san gbogbo owó jẹjẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín, ṣùgbọ́n ìgbà tára bá le là ń forúkọ sílẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí kókó bá yọ. Owó kan tún wà tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún aláìní tí jẹjẹrẹ ọyàn, ti ẹnu ilé ọmọ tàbí ti prostate bá mú. Cancer Health Fund lorúkọ rẹ̀, UCH n'Ìbàdàn sì wà lára àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Owó yìí kì í dédé wá bá aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn inú ilé ìwòsàn, àwọn tí wọ́n ń pè ní Social Welfare, lèèyàn ti ń béèrè rẹ̀, ó gba fọ́ọ̀mù, ó gba sùúrù, ó gba “ẹ padà wá lọ́la”. Ẹni tó ń sáré láti yàrá àyẹ̀wò dé ilé oògùn, kí ló kù lára ẹ̀ tó máa fi jókòó síwájú ọ́fíìsì? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ yín nìyẹn. Ẹ bá wọn lọ tò.

Àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí Bàbá Ìbejì ta ilẹ̀ tó ní ní Mọ̀níyà, kó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí Íńdíà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fi kọ́bọ̀ lélẹ̀. Wọ́n ní bó bá fẹ́ràn rẹ̀, á tà á. Ọ̀rọ̀ yẹn burú. Mi ò sọ pé kéèyàn má tọ́jú aya rẹ̀ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a tó ta ilẹ̀ tí ọmọ máa jogún, ká bi dókítà léèrè tààrà pé: oògùn yìí, ṣé á wò ó sàn ni, àbí ṣe ló máa fi oṣù díẹ̀ kún ọjọ́ rẹ̀, àbí ìrora ló máa dín? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìwúlò, ṣùgbọ́n iye tó yẹ ká ná lé wọn kò dọ́gba. Ìyá Ìbejì alára ló sì pinnu. Ó ní, “Ẹ má ta ilẹ̀ àwọn ọmọ mi. Ẹ kàn wá nǹkan sí ìrora yìí fún mi.”

Ìrora náà, èmi pàápàá ń gbọ́ ọ. Ògiri kan ló pààlà ilé wa. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, màá sì gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ tó ń pe oríkì rẹ̀ sí i létí, títí ìrun àárọ̀. Oògùn orí fífọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Láti ọdún 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ìlànà jáde lórí bí a ṣe lè bá ìrora jẹjẹrẹ jà ní ìpele ìpele, tó fi dórí mọ́fíìnì olómi tí aláìsàn lè máa mu nílé. Àmọ́ wọ́n ti sọ fún Bàbá Ìbejì pé mọ́fíìnì á sọ ìyàwó rẹ̀ di ajoògùnyó, pé oògùn ẹni tó ń kú lọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí dókítà bá wọ̀n ọ́n fún aláìsàn, tí wọ́n sì ń mu ún lásìkò, ó ń jẹ́ kéèyàn lè jókòó, kó jẹun, kó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó máa ń mú kí ìgbẹ́ le, nítorí náà wọ́n máa ń fi oògùn tó ń rọ inú kún un. Ìtọ́jú yìí ni wọ́n ń pè ní palliative ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe ti ìrẹsì tí ìjọba ń pín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyanńwò, tó ti jẹ́ àgbà oníṣègùn ní UCH, wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ n'Ìbàdàn, àwọn nọ́ọ̀sì ìtọ́jú náà sì máa ń lọ bá aláìsàn nílé. Ẹ tètè béèrè rẹ̀. Kò dìgbà tó bá ku ọjọ́ méjì.

Òru tí mọ́fíìnì tí wọ́n wá fún Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan, ni mo bá fò dìde. Mo rò pé ó ti parí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ kan ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló ṣílẹ̀kùn, ó fi ìka sẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ń sùn. Bàbá rẹ̀ náà ń sùn lórí àga, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn la sọ ọ̀rọ̀ wọn nípàdé onílé. Lọ́dún tó kọjá, òkú mẹ́ta ni òpópónà wa sin, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la sì ra aṣọ. A yá kánópì, a pa màlúù, a ná olórin lówó. Bí Ìyá Ìbejì bá lọ, gbogbo wa la mọ̀ pé a máa tún rà á, a ó sì wá ẹlòmíràn rán an. Bàbá alága wa ló ní ká dá owó aṣọ náà báyìí, nígbà tó ṣì lè fojú rí i. Ẹnì kan ráhùn pé ó dà bí ẹni pé à ń fi ikú ṣépè fún un. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi, àmọ́ owó tó bá dé lẹ́yìn ìgbà náà, aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Kò rọrùn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Lóṣù àkọ́kọ́, èso kún ilé wọn débi tó fi rà. Lóṣù kejì, a ti gbàgbé. Ìgbà tá a yan Àlàájì tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà kó máa gba owó náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí alájọ ṣe ń gbà á, ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ ń gbé wọn lọ lọ́jọ́ kẹ́mò. Ìyá ẹlẹ́kọ ń fi ògì ránṣẹ́, kì í béèrè abọ́. Ìjọ wọn san owó WAEC àwọn ìbejì, mo sì ka ìyẹn mọ́ owó ìtọ́jú jẹjẹrẹ, torí ó gba ẹrù kan kúrò lórí ìyá tí kò rí oorun sùn. Lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì máa ń bá wọn sùn níbẹ̀ kí ọkọ lè fẹ̀yìn lélẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lórí èyí. Ẹ má ya fọ́tò wọn. Ẹ má gbé ojú rẹ̀ sórí WhatsApp, ẹ má sì kéde rẹ̀ níwájú ìjọ láìgba àṣẹ. Ọkùnrin tó ti ń fún èèyàn láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kì í mọ bí wọ́n ṣe ń gbà, bí a bá sì kọ́kọ́ dójú tì í, kò ní í ṣílẹ̀kùn fún wa mọ́.

Ìyá Ìbejì ṣì wà láyé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kò lè ránṣọ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń jókòó síta nírọ̀lẹ́, ó sì tún ti ń gbé omi fún àlejò. Ẹ̀yin náà, ẹ mọ ilé tí mò ń wí ní àdúgbò tiyín, ilé tí ẹ máa ń kí láti ìta. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn náà lálẹ́ òní. Kẹ́ ẹ tó béèrè aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn bóyá ó ti jẹun.