Kí A Kan Àpótí fún Àwo Orin Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ pákó àti ìṣó ni, ọ̀rọ̀ bí a ti í kan àpótí tí a lè to àwo orin sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó wà nínú àwọn àwo wọ̀nyí yóò gbà pẹ̀lú wa pé ọ̀rọ̀ náà ju ti gbẹ́nàgbẹ́nà lọ. Ohùn àwọn baba wa ni a ń wá ilé fún.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará wa láti Èjìgbò, Ìwó, Ìnísà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò ní ìlú Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ní Treichville àti Adjamé, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Orin ilé kò sì gbẹ́yìn nínú ẹrù tí wọ́n gbé lọ. Àpàlà Haruna Ishola, sákárà Yusuf Olatunji àti jùjú I. K. Dairo ni wọ́n fi ń ṣe ìnáwó ní òkè òkun ọ̀hún, kí ọmọ tí a bí sí àárín èdè Faransé má baà gbàgbé èdè baba rẹ̀. Àwọn ará wa kò sì jókòó bí ẹni tí ń gbọ́ orin lásán. Raimi Gbadamassi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Badmos, tí orúkọ rẹ̀ sì ń ké pé ọmọ Yorùbá ni òun, ni ó gbé àwo Ziboté ti Ernesto Djédjé jáde ní 1977. Èkó ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀, gbogbo Côte d'Ivoire ni ó sì jó sí i.

Ibo ni àwọn àwo wọ̀nyẹn wà lónìí? Ọ̀pọ̀ wà lábẹ́ ibùsùn. Ọ̀pọ̀ wà ní orí àjà, tí a dì sínú àpò, tí a sì fi ẹrù mìíràn lé lórí. Ìlú Abidjan jókòó sí etí ọ̀sà Ebrié, òkun kò sì jìnnà sí i. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù keje, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní í dá mọ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a mú kí páálí tí a fi bo àwo bu, ooru a mú kí àwo tí a tò lé ara wọn lọ́, ìkán a sì máa jẹ ìyókù. Nígbà tí ọmọ bá wá ṣí àpò náà lẹ́yìn ikú baba rẹ̀, a fi imú mọ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó fi ojú rí i.

Ẹ má ṣe rò pé orin ìgbádùn nìkan ni ó ṣègbé bẹ́ẹ̀. Ẹ ka orúkọ tí ó wà nínú àwo àpàlà kan ṣoṣo. Àwọn oníṣòwò, àwọn awakọ̀, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn ẹgbẹ́ ni olórin ń kì, tí ó ń sọ ilé wọn àti oríkì wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò sí nínú ìwé ìtàn kankan. Bí àwo náà bá bàjẹ́, orúkọ náà bá a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó lè jẹ́ orúkọ baba yín ni.

Àwọn mìíràn ti mọ iyì ohun tí a ń fi ṣeré. Láti bí ọdún 2000 ni àwọn aláwọ̀ funfun ti ń wá sí ìlú wa káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, tí wọ́n ń ra àwo àtijọ́. Analog Africa, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, gbé orin àwọn ará Benin àti Tógò jáde lọ́tun ní 2008, ayé sì gbọ́ ọ. A kò bú wọn, nítorí wọ́n jí orin tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta àwo rẹ̀ ní owó kékeré nítorí pé kò ní ibi tí yóò fi í sí, kò gbọdọ̀ ṣe kàyéfì bí ọmọ rẹ̀ bá ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó rí i. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kan àpótí. Pílíwúùdù ni kí a lò, èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní contreplaqué. Awọ igi fẹlẹfẹlẹ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn láti fi ṣe é, tí ojú ọ̀kan dúró tí ojú èkejì sì dùbúlẹ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ wú, èkejì a dì í mú. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í lọ́ bí pákó lásán. Nínú igi tí a fi ń ṣe é ní Côte d'Ivoire, àràbà wà níbẹ̀, arère náà sì wà níbẹ̀. Igi tiwa ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, igbó ilẹ̀ náà tó hẹ́kítà mílíọ̀nù 16. Nígbà tí wọ́n kà á ní 2021, kò pé mílíọ̀nù 3. Igi tí a fi irú iye bẹ́ẹ̀ gé, ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ tí yóò pẹ́ nínú ilé wa. Kí a sì ṣọ́ra fún kọ́bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tí a fi ìyẹ̀pẹ̀ pákó dì. Bí omi bá kàn án, a wú, a sì fọ́.

Wíwọ̀n rẹ̀ kò le. Àwo ńlá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, páálí rẹ̀ sì tó 31 àti ààbọ̀. Kí inú àpótí fẹ̀ ní 33, kí ó ga ní 33, kí ó sì jìn ní 33. Pílíwúùdù tí ó nípọn ní mìlímítà 15 tó fún un. Òkè àti ìsàlẹ̀ yóò jẹ́ 36 sí 33, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò jẹ́ 33 sí 33, ẹ̀yìn yóò jẹ́ 36 sí 36. Odindi pákó kan tí ó gùn ní 244 tí ó sì fẹ̀ ní 122 yóò ṣe àpótí mẹ́ta, yóò sì ṣẹ́kù. Àpótí kọ̀ọ̀kan yóò gba àwo bí 75, ẹrù rẹ̀ yóò sì tó nǹkan bí kílò 20. Kí a lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù igi, kí a sì fi ìṣó tí a ń yí wọlé dì í.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi kan ọ̀kan ńlá tí yóò gba gbogbo rẹ̀. Ẹ rántí ìtàn. Ní 1958, wọ́n dìde sí àwọn ará Dàhòmì àti Tógò ní Abidjan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó sì sá kúrò níbẹ̀. Láàrin 2010 sí 2011, ogun tún dé lẹ́yìn ìdìbò. Ẹni tí ó ń gbé ilẹ̀ àjèjì yẹ kí ó ní àpótí tí ènìyàn kan lè gbé jáde nílé, kí ó sì gé ihò ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Wàyí o, ṣíṣe ìparí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fi ojú kéré. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a fi bébà oníyanrìn ha á ní ìhà tí ojú igi dojú kọ, kí a kọ́kọ́ lo èyí tí ó le, kí a sì fi èyí tí ó kúnná parí rẹ̀. Etí pákó ni omi ń gbà wọlé, nítorí náà kí a fi fánííṣì kun etí náà dáadáa ju ojú lọ. Kí a kun ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí a sì ha á díẹ̀ láàrin ìgbà kan àti èkejì. Kí a tún kun ẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀, nítorí ibi tí ojú kò tó ni ìkán ń fẹ́. Kí a má sì ṣe to àwo sínú rẹ̀ títí òórùn fánííṣì yóò fi kúrò pátápátá, ìbáà gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí páálí má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Kí àpótí ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé e kúrò nílẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ògiri, kí oòrùn má sì kàn án. Kí àwo dúró ṣánṣán, kí ó má ṣe fẹ̀yìn ti ara wọn, kí ó má sì há. Ní ti àwo àtijọ́ tí ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí a fi shellac ṣe, kí a má ṣe fi sípíríìtì nù ún láéláé, nítorí yóò yọ́ ọ.

A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ yóò wí pé gbogbo orin ti wà lórí fóònù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orin tí ẹnìkan bá gbé sí i ni ó wà níbẹ̀, bí ó bá sì yọ ọ́, ó tán. Ẹ̀yìn àwo tí kò lókìkí kì í sábà dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sára páálí, tí ń sọ ẹni tí ó lu ìlù àti ọdún tí a kọ ọ́. Fóònù dára fún gbígbọ́. Ṣùgbọ́n àwo ni ẹ̀rí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. A ti jẹ́ kí àwọn ọmọ gbà pé ẹni tí kò mọ̀wé ni ó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Àpótí kan ṣoṣo lè wo àìsàn yìí sàn. Nínú wíwọ̀n rẹ̀, ìṣirò wà. Nínú mímọ̀ igi rẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa igbó wà. Nínú kíka ohun tí a tò sínú rẹ̀, ìtàn àti èdè wà. Ẹ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kan àpótí mẹ́ta láti inú pákó kan, kí wọ́n sì rán àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn bàbá àgbà láti béèrè àwo àti ìtàn rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Abidjan, iye tí ẹ ń ná lórí aṣọ ẹbí kan yóò ra pákó púpọ̀.

Kì í ṣe dandan kí a dúró de ìjọba kí ó kọ́ ilé ńlá fún àwọn àwo wa kí a tó tọ́jú wọn. Bí ó bá kọ́ ọ lọ́la, kí ó bá àwo tí ó ṣì ń kọrin nílé wa. Òjò oṣù kẹfà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ra pákó kan ní ọ̀sẹ̀ yìí.